Kí O Tó Ra Kọ̀ǹpútà Gémù: Ta Ló Bi Ọ́ Léèrè?

Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin SS 2 kan, ọmọ ẹgbẹ́ Press Club

Láti ìgbà tí a ti wọlé tọ́ọ̀mù yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu kíláàsì wa tí wọ́n bá ti lu aago ìsinmi: kọ̀ǹpútà gémù. Èyí ń sọ pé òun fẹ́ to tòun fúnra òun. Tọ̀hún ń sọ pé RTX ni òun máa rà, iyekíye tó bá gbà. Bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ ni kò pé lápò ẹni tó ń sọ ọ́! Kò burú. Èmi náà wà lára yín, mi ò wá fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo wá sọ ni pé ibi tí a ti ń gba ìmọ̀ràn ni kò dáa. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá sọ ohun tó yẹ kí o rà fún ọ láìkọ́kọ́ bi ọ́ ní ìbéèrè, kò gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ọjà ló ń tà fún ọ, tàbí kó máa fọ́nnu.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Owó ara mi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Irun ni mo máa ń bá àǹtí mi dì ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Agege nígbà ọlidé. Ó tó ọdún méjì kí n tó kó ₦120,000 jọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nílé wa, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún wa. Ó ń ṣe dáadáa tí a bá fẹ́ tẹ ìwé, ṣùgbọ́n tí o bá ti ṣí gémù bọ́ọ̀lù, ó máa ń wọ́ bí ìgbín. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní, "Ra graphics card." Ọmọ kíláàsì wa kan ní 1050 Ti ni kí n rà, torí ó rí i nínú fídíò kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ní Agege. Ibùdó tó tẹ̀lé e ni Ikeja, kò sì pẹ́ tí mo fi dé Computer Village. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan ti dúró síwájú rẹ: "Ṣísì, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ wá wo laptop! Ṣé ẹ fẹ́ ta fóònù yẹn ni?" Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, gbọ́ pé 1050 Ti ni mò ń wá. Ó ní kí n dúró. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbé e dé, nínú ọ̀rá tó ń dán. ₦75,000. Ó tún fi wáyà kan jáàrà. Mo béèrè rìsíìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwa tí a wà níbí lójoojúmọ́?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ẹ̀rín nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Gémù á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà á dúdú. Mo gba GPU-Z sílẹ̀, ìyẹn sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ tó máa ń sọ irú graphics card tó wà nínú ẹ̀rọ. Ó kọ FAKE sí iwájú orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn jíjóná gba yàrá. Power pack ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé jìbìtì yìí, kí ẹ má bàa kó sí i. Àwọn kan máa ń mú graphics card àtijọ́, bíi GTX 550 Ti tó jáde ní ọdún 2011, wọ́n á yí ìsọfúnni inú rẹ̀ padà kí kọ̀ǹpútà lè máa pè é ní 1050 Ti, èyí tó jáde ní ọdún 2016. 1050 Ti gidi kì í sábà jẹ ju 75 watt lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì nílò wáyà kankan láti power pack. 550 Ti ń jẹ tó 116 watt, kò sì lè ṣe kó má gba wáyà. Wáyà tí ọkùnrin yẹn fi jáàrà fún mi, tí mo ń dúpẹ́ lé lórí, òun gan-an ni ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Ihò VGA aláwọ̀ búlúù tún wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí 1050 Ti gidi kì í sábà ní. Ojú mi rí gbogbo rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń wò ni.

Ẹ má sọ pé mò ń ba ọjà náà lórúkọ jẹ́ o. Àdúgbò ilé gbígbé ni Otigba Street tẹ́lẹ̀. Apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀, títí ọjà fi gba Pepple Street, Ola Ayeni àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká. Àwọn ará Gánà àti Benin náà ń wá rajà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò gidi kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAPDAN. Ó pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé àwọn máa kó ọjà náà lọ sí Katangowa. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n kó o lọ, ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì fún ọ ní rìsíìtì, o ò ní rí i mọ́. Oníṣòwò tó dáa jù lọ pàápàá, ọjà ló jókòó tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ta ohun tó wà lórí igbá. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o mọ ohun tí o fẹ́ kí o tó dé ibẹ̀.

Oníná ni bàbá mi, ilé iṣẹ́ kan ní Acme Road, Ogba, ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n ti ṣíìfù alẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo rò pé wọ́n máa pariwo lé mi lórí. Wọn ò pariwo. Wọ́n yí graphics card náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní: "Watt mélòó lèyí ń jẹ? Mélòó ni power pack yẹn lè gbé? Kí ni gémù tí o fẹ́ gbá gan-an?" Mi ò rí ìkankan dáhùn. Wọ́n ní, "Níbi iṣẹ́ wa, tí ẹ̀rọ tuntun bá fẹ́ wọlé, a kì í wo àwọ̀ rẹ̀. A máa ń béèrè ohun tó máa ṣe, a tún máa ń béèrè iná tó máa jẹ. Ìgbà yẹn la tó ń sọ̀rọ̀ owó."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Nínú gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrèọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí, mo béèrè ọ̀nà, mo sì ṣìnà, nítorí àwọn tó júwe ọ̀nà fún mi kò béèrè ibi tí mò ń lọ.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn bi ọ́. Èkíní, gémù wo? Gémù bọ́ọ̀lù ọdún mélòó sẹ́yìn kò béèrè ohun tí àwọn gémù tuntun ń béèrè. Èkejì, ojú kọ̀ǹpútà wo lo ní? Tí kò bá lè gbé ju 1080p lọ, owó graphics card ńlá kò ní hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, iná ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 300 watt, tí o fi gbá gémù fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, á jẹ yúníìtì 27 lóṣù. Tí ẹ bá wà ní Band A, tí a ka yúníìtì kan sí ₦210, ₦5,670 nìyẹn. Èyí tó ń jẹ 150 watt, ìdajì ni: ₦2,835. Ta ló ń ra yúníìtì nílé yín? Mọ́mì ni, àbí? Tí ẹ ò bá sí ní Band A, tó jẹ́ I-pass-my-neighbour lẹ ń tàn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fúnni ní iná tó dúró sójú kan. Ẹ̀kẹrin, èló lo ní, èló lo sì máa yọ sílẹ̀ fún power pack gidi àti UPS? Ẹni tó bá ní kí o kó gbogbo owó rẹ lé graphics card lórí kò fẹ́ kó pẹ́ fún ọ.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni ẹ bi, lẹ́yìn tí mo ti bi yín ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà méjì ni màá fi hàn yín. Àkọ́kọ́ ni tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, kí o fi SSD, RAM àti graphics card tí kò jẹ ju 75 watt kún un. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gún nínú. Èyí tí casing rẹ̀ pẹlẹbẹ kì í gba graphics card tó ga. Dell OptiPlex púpọ̀ kì í gba power pack tí wọ́n ń tà káàkiri, torí ihò rẹ̀ yàtọ̀. RAM DDR3 kò lè wọ ihò DDR4. Processor Intel tó kéré sí ìran kẹjọ kì í sábà sí lára èyí tí Windows 11 fọwọ́ sí, Microsoft sì ti dá àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Ọ̀nà kejì ni kí o to ó díẹ̀díẹ̀. Ra processor tó ní graphics nínú ara rẹ̀, bíi Ryzen 5 5600G, pẹ̀lú power pack tó dáa. Gbá gémù tó bá lè gbé. Tí owó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, wá fi graphics card kún un. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn, torí kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo owó rẹ máa wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ṣebí YouTube wà?" Ó wà. Mo kọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà wà níbi tí iná kì í lọ, dọ́là ló fi ń ka owó, tí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́ á dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Òun kò lè bi ọ́ bóyá Band A ni àdúgbò rẹ. Wo fídíò láti mọ bí a ṣe ń to ó. Má fi ṣe atọ́nà ohun tí o máa rà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ tó kàn yìí bẹ̀ yín. Tí ọmọ kan bá dárúkọ kọ̀ǹpútà gémù, ẹ má kọ́kọ́ ní "eré lo mọ̀". Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, ẹ má ní "kí ló kàn ọ́ níbẹ̀". Kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń fi ṣe UTME láti ọdún 2015. Kọ̀ǹpútà tó gbé gémù á gbé ìdánwò ìdánrawò náà. Iṣẹ́ ni gémù fún àwọn kan pẹ̀lú: Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó níhìn-ín ní ọdún 2012, gémù ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ọmọ tí kò lè bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè, ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ló máa lọ bi.

Ohun tí mo ń dábàá kò gba owó. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú wà ní ẹ̀yìn yàrá kọ̀ǹpútà wa, erùpẹ̀ ti bò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa tú wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lóṣù, lójú olùkọ́, ká fi ọwọ́ ara wa mọ ihò RAM, ká ka iye watt lára power pack. Kí Press Club sì lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan á kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yẹn síbẹ̀, á fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó ná kọ́bọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nínú wa á kọ èsì sábẹ́ rẹ̀.

Tí o bá wá fẹ́ lọ sọ́jà, mú àgbàlagbà kan dání. Wọ ṣọ́ọ̀bù, má rajà ní títì. Jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ, kí o fi GPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, dá owó rẹ padà sápò, kí o máa lọ sílé.

Bàbá mi ti bá wa wá power pack mìíràn. Ayédèrú yẹn wà lórí tábìlì mi, mi ò jù ú nù. ₦45,000 ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, mo sì ti padà sídìí irun dídì. Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá ní èrò míì, kó kọ ọ́, kó jù ú sínú àpótí Press Club kó tó di Jímọ̀.