Àlàáfíà Ta Ni?

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Mo mọ̀ pé kí n tó béèrè tán ni ẹ ti dáhùn pé, "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ wa láti kékeré. Ẹni tí ibà ń ṣe yóò dáhùn pé àlàáfíà ni. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà yóò dáhùn pé àlàáfíà ni. Ẹni tí òun àti aya rẹ̀ kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìjẹta, òun náà yóò dáhùn pé àlàáfíà ni. Ọ̀rọ̀ tí a ń ná lójoojúmọ́ bí owó ni, a kì í sì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ná an.

Ohun tí ó mú mi yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ní àdúgbò wa, obìnrin oníṣòwò kan gba àpò gààrí mẹ́rin ní àwìn lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Ọjọ́ pé, owó kò jáde. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú, èébú sì di ìjà ní gbangba ọjà. Àwọn àgbà pe àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì pe èmi náà nítorí pé mo mọ ìwé kọ. A bá wọn wí. A ní kí wọ́n dì mọ́ ara wọn. Mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjà ti parí, àti pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe tún gbé ohùn sókè sí ẹnìkejì rẹ̀. A pín obì jẹ. Baálé dìde, ó ní, "Ẹ kú oríire o, àlàáfíà ti dé." Ìyá àgbà wò wá lọ títí, lẹ́yìn náà ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Àlàáfíà ta ni?" Ó kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú tì mí. Nígbà tí mo délé, mo tún ìwé tí mo kọ kà. Ó gún régé, kò sí àṣìkọ kan nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n kò sí àpò gààrí kan ṣoṣo nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ọ̀rọ̀ yìí, láti mọ ibi tí ó ti wá, àti ohun tí àwọn ẹ̀yà mìíràn lágbàáyé fi ń pè é. Díẹ̀ nínú ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín lónìí.

Àlàáfíà kì í ṣe ọmọ bíbí inú èdè wa. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Ó bá àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ọya, gẹ́gẹ́ bí àlùbọ́sà, àlùbáríkà, àdúrà àti wákàtí. Al-afiya ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, ohun tí ó sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn ni ìlera, ara líle, àti bíbọ́ lọ́wọ́ àìsàn àti ewu. Wọn kì í fi í pe ìparí ogun. Fún èyíinì, wọ́n ní salam, èyí tí àwọn Mùsùlùmí gbogbo ayé fi ń kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn: ọ̀kan wà fún ara, ọ̀kan sì wà fún ìbágbépọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan náà ti ṣe nígbà tí ó dé ilé àwọn ẹlòmíràn. Àwọn tí ń sọ èdè Sùwàhílì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń pè é ní afya. Ìlera nìkan ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, òun ni ó sì wà lára orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ilé ìwòsàn ní Kenya àti Tanzania. Àwọn ará Tọ́kì sọ ọ́ di afiyet. Bí wọ́n bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ, wọn a ní, "Afiyet olsun," èyíinì ni pé, kí oúnjẹ náà di ìlera fún ọ. Àwọn Haúsá gé orí rẹ̀, wọ́n ní lafiya. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ pé ìlú kò ní ogun, wọn a fi ọ̀rọ̀ kan ṣáájú rẹ̀, wọn a ní zaman lafiya, gbígbé pọ̀ nínú ìlera. Àwa Yorùbá kò gé e, a kò sì fi nǹkan kún un. Ara líle ni àlàáfíà, ìlú tí kò ní ogun náà ni àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Lárúbáwá fi ń pe ìlera ara kan ṣoṣo ni a fi ń pe ìlera gbogbo ìlú.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọn kò tijú láti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ́ṣáláṣí. Àdúrà, ìwàásù, àlùfáà àti àlàáfíà: gbogbo wọn ni Ìjọ yá, títí di òní olónìí kò sì tíì dá ọ̀kan padà. Lójú tèmi, ohun rere ni wọ́n ṣe, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wọn nínú èdè Hébérù ni shalom, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ shalom tó àlàáfíà. Shalom kì í ṣe àìsí ogun nìkan. Ohun tí ó pé ni, tí kò fọ́, tí kò sì dín. Bí àwọn Júù bá fẹ́ mọ bí ara ẹnìkan ti rí, shalom rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, gan-an gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń béèrè àlàáfíà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fi etí sí èyí: láti gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ tí Hébérù fi ń pe sísan gbèsè ti jáde. Shillem ni wọ́n ń wí, ó san án padà. Ẹni tí ó san gbèsè ti mú ohun tí ó dín pé.

Kì í ṣe Hébérù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pè é ní pax, ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí tí wọ́n fi ń pe dídá àdéhùn tan. Láti ara pax ni peace ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wá, lẹ́yìn tí ó ti gba ọwọ́ àwọn Faransé kọjá. Ṣùgbọ́n pax tún bí ọmọ mìíràn tí òun náà gba ọwọ́ àwọn Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà ni pay, èyí tí í ṣe kí a sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó sanwó ni ẹni tí ó pẹ̀tù sí ọkàn ẹni tí ó jẹ lówó. Àwa tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mélòó nínú wa ni a sọ fún pé mọ̀lẹ́bí ni peace àti pay?

Síbẹ̀, pax ní ìwà kejì, èyí ni ó sì ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ti ara rẹ̀ jáde, pacare, kan náà tí ó bí pay, tún túmọ̀ sí pé kí a fi agbára tẹ ìlú kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìbọn gba ilẹ̀ wa, pacification ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn, bí ẹni pé àlàáfíà ni ọta ìbọn ń pín kiri. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ènìyàn pa ẹnu rẹ̀ mọ́, wọn a ní kí ó di peace rẹ̀ mú. Láti ọdún 1361 ni òfin ilẹ̀ wọn ti fi ìdí àwọn adájọ́ tí orúkọ wọn ń jẹ́ Justice of the Peace múlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìgboro rú. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ìgboro lè pa rọ́rọ́ kí ebi sì wà nínú ilé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni ó so ìdákẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Zulu ní gúúsù Áfíríkà ní ukuthula. Dídákẹ́ ni, àlàáfíà náà sì ni. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn ń fi mir pe àlàáfíà, wọ́n sì ń fi í pe ayé pẹ̀lú. Àwọn aládùúgbò wa tí ó wà nítòsí sì gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn Ewe ní Tógò àti Gánà ń pè é ní ŋutifafa, ìtutù ara. Àwọn Akan ń pè é ní asomdwoe, ìtutù inú etí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ara tútù àti ọkàn tútù yóò mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú èyí.

Kí ni mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀? Èyí ni: pé èdè wa gba ọ̀rọ̀ ìlera, ó sì fi í ṣe orúkọ ìṣọ̀kan ìlú, ṣùgbọ́n àwa akọ̀wé, àwa tí à ń túmọ̀ ìwé ìjọba àti ìròyìn, ń gbé aṣọ àlàáfíà wọ ìdákẹ́. Bí ìbọn bá ti dákẹ́ ní ibì kan, a ó kéde lórí rédíò pé àlàáfíà ti padà síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí a jó ilé wọn ṣì ń sùn ní ìta gbangba. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. A lè wí pé ìlú rọ̀, pé ó pa rọ́rọ́, pé ó tòrò. Omi tí ó tòrò, ẹrẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ilé tí ó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà.

Ẹ rántí ogun Kírìjì. Ní 1886, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àlùfáà Samuel Johnson àti àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí ó rìn láàárín àwọn ọ̀gágun nítorí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò gbọdọ̀ kó o dànù. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, tí ó wà nínú ìwé náà, kò yanjú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní 1981. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ohun tí a kò bá mú pé, yóò máa padà wá béèrè ara rẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè wí pé, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ìbọn dákẹ́ ná." Òótọ́ ni. A kì í jókòó ka owó nínú ilé tí ń jó. Nínú Ìwàásù Orí Òkè, ẹni tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì fi peace sọ lórúkọ, onílàjà ni Bíbélì Yorùbá pè é. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà nítorí pé kò sọ ju ohun tí ó ṣe lọ. Onílàjà la ìjà, ìbùkún sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àlàáfíà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí ó bá ṣe tirẹ̀ tán. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ dé òkè òkun. Níbẹ̀, bí wọ́n bá fi èèpá àgbọn mẹ́rin dá obì, tí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣí inú funfun sókè, Alafia ni orúkọ àmì náà. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún un dá lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Èmi náà padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ bá ìyá àgbà nílé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, èmi ni mo kọ ìwé náà tí n kò kọ owó yín sí i." Ó ní kí n dìde. A tún pe àwọn àgbà jọ, a sì kọ ìwé mìíràn: iye owó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti iye tí onígbèsè yóò máa san ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òun náà ní ọmọ tí ó ń bọ́. Ó ti san ti àpò mẹ́ta báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo pàdé ìyá àgbà lọ́nà ọjà, mo kí i pé, "Màmá, ṣé àlàáfíà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, ó ku àpò kan."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní kí a máa ka ìṣòro wa fún gbogbo ẹni tí ó bá kí wa lójú ọ̀nà. Ìwà ọmọlúàbí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà tí a bá jókòó láti parí ìjà nínú ilé, nínú ẹgbẹ́ tàbí nínú ìlú, kí a má ṣe pín obì kí a sì dìde láì béèrè ohun tí ó ṣẹ́ kù. Bí ìdákẹ́ ni a rí, kí a pè é ní ìdákẹ́, kí a sì dúpẹ́ fún un. Kí a fi orúkọ àlàáfíà pamọ́ di ọjọ́ tí ẹni tí a ṣẹ̀ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Kí Ọlọ́run fún wa ní tòótọ́ rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.

Èmi ni,
AKỌ̀WÉ ÀDÚGBÒ