Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

N kò gbè sẹ́yìn igbó mímu. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí igbó dà lórí rú lójú mi. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ẹ̀wọ̀n ni yóò wò ó sàn?

Ní 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tó bá gbin igbó lè fi ẹ̀mí dí i. Ẹni tó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ó kéré tán. Wọ́n dẹ okùn náà ní 1975, wọ́n sì tún fà á le ní 1989. Igbó ha dín bí? Ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 10 ọmọ Nàìjíríà tó lò ó láàárín ọdún kan.

Ẹlòmíràn yóò ní bí kò bá sí òfin, yóò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọtí àti sìgá ńkọ́? Àwọn náà ń pani, síbẹ̀ owó orí là ń gbà lórí wọn. Òyìnbó amúnisìn fòfin de ògógóró títí, àwọn baba wa kò yé sè é.

Kí òfin mú ẹni tó ń tà á fún ọmọdé. Ẹni tó ń mu ún, ẹbí àti oníṣègùn ni kí a fà á lé lọ́wọ́. Bí a bá jù ú sáàárín àwọn ọlọ́ṣà, iṣẹ́ wọn ni yóò kọ́ bọ̀ wálé.