Ẹ Fàyè Sílẹ̀ fún Ọmọ Àdúgbò

Aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán ní Kabala Doki, ní Kàdúná níbí. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, oorun ò sí fún mi. Ìyá tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ní kí n rán méjì-méjì, tòun ti aṣọ eré ìdárayá. Èyí tówó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ dáadáa," kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ga sí i lẹ́ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Àwọn oníṣẹ́tí gígùn yìí ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́ láàárín àwọn tó ń rán aṣọ ilé ìwé Kátólíìkì. Owó ilé ìwé ti lé wọn dànù.

Mi ò ní àwọn Fádà àti Sísítà burú o. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, tíṣà gbọ́dọ̀ jẹun. Látìgbà tí wọ́n sì ti jí ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún gbé ní ilé ìwé Bethel Baptist ní Kàdúná níbí lóṣù keje ọdún 2021, ògiri gíga àti ọlọ́dẹ ti di ọ̀ranyàn. Ìjọba náà ló kọ́kọ́ dá kún un: ó gba St. John's College lọ́wọ́ ìjọ, ó sọ ọ́ di Rimi College. Ó gba Queen of Apostles ní Kakuri, ìyẹn di Queen Amina College. Èyí tí ìjọ wá dá kọ́ lẹ́yìn náà, àpò òbí ló ń gbé e.

Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ọ̀fà tí rélùwéè gbé bàbá rẹ̀ dé ìlú yìí, mo sì mọ ohun tá à ń pàdánù. St. Anne's, ilé ìwé Kátólíìkì ní Kakuri, ni Sanusi Lamido Sanusi, tó padà wá jẹ Ẹ́míà Kánò, ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Látìgbà rògbòdìyàn ṣàríà ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì ti kó lọ sí gúúsù odò Kàdúná, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kó wá sí àríwá. Bí ọmọ wọn ò bá jọ jókòó ní kíláàsì, ibo ni wọ́n á ti mọra?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé Kátólíìkì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ọdọọdún lẹ ń ra ankara fún ayẹyẹ yín. (Èmi ni mo ń rán òmíràn níbẹ̀, mo ń jẹ níbẹ̀, mi ò purọ́.) Ẹ fo ti ọdún kan. Ẹ fi owó rẹ̀ gba ọmọ àdúgbò márùn-ún wọ JS1, ọmọ tó yege ìdánwò tí agbára òbí rẹ̀ ò ká owó ilé ìwé. Kí ilé ìwé má bi wọ́n bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Kí ẹnikẹ́ni má sì pè wọ́n síwájú èrò lọ́jọ́ ayẹyẹ pé kí wọ́n wá dúpẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá mọ ìtìjú.

Aṣọ àwọn márààrún, mi ò ní gba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́. Kí ilé ìwé ṣáà fún mi láṣọ, kí wọ́n sì rántí owó òwú.