Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ó Ń Dá Àwọn Ọmọ Wa Padà Nínú Ìdánwò

Lọ́dọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ nínú ìpàdé wa: "Ọmọ mi yege nínú gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò gbà fún un." Ọmọ tí ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ owó, a padà jókòó sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, nítorí pé kò ní krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni NECO, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999, Minna níbí ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń gbé etí odò kò yẹ kí ó máa fi itọ́ bọ́jú.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àlejò láàárín wa. Nígbà tí ojú irin láti Èkó àti èyí tí ó ti Báró lọ sí Kánò pàdé ní Minna ní 1911, kì í ṣe oníṣòwò nìkan ni ó bá rélùwéè wá. Akọ̀wé wà nínú wọn, àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí ń kọ ẹrù sínú ìwé, tí ń tẹ wáyà. Ìwé díẹ̀ tí wọ́n kà ni ó gbé wọn dé ìhín.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí a bí sí Minna, tí ó gbọ́ Haúsá yékéyéké, bí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n á ní kí ó lọ gbà á ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá sì dé ọ̀hún, ta ni ó mọ̀ ọ́n? Ohun kan tí ó kù tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni máàkì rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí.

A pe díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà, a bi wọ́n pé kí ni ó ń dá wọn lágara. Wọn kò dárúkọ àròkọ. Ohun tí wọ́n dárúkọ ni èyí tí àwọn tíṣà ń pè ní "phrasal verb": ọ̀rọ̀ ìṣe tí ọmọ ti mọ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní, tí wọ́n wá so ọ̀rọ̀ kékeré kan mọ́ ọn nídìí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà pátápátá. "Look" ni kí á wo nǹkan. Ṣùgbọ́n "look after" ni kí á tọ́jú, "look into" ni kí á wádìí, "look down on" sì ni kí á fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn. "Put off" ni kí á sún ìpàdé síwájú, "put out" ni kí á pa iná, "put up with" ni kí á fara da nǹkan. Ọmọ tí ó bá di "put" nìkan mú ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. WAEC ń béèrè irú rẹ̀, NECO ń béèrè rẹ̀. Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fò ó kọjá.

Ọmọkùnrin kan nínú wọn kọ ọ́ fún wa pé "Salt has run out of us." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò bá a wí, nítorí pé a rí ọ̀nà tí ó gbà. Ní èdè tiwa, iyọ̀ ni ó ń tán mọ́ wa lọ́wọ́. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwa ni a máa "run out of" iyọ̀. Ọmọ náà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó ti kọ́ ọ sórí. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ó ṣe ń jókòó nínú gbólóhùn. Níbẹ̀ ni àṣìṣe gbogbo wa wà. A ń ra ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n to irínwó ọ̀rọ̀ sí, a ní kí ọmọ kọ́ wọn sórí bí ẹni ń ka oríkì, ṣùgbọ́n ìdánwò kì í béèrè oríkì. Gbólóhùn kan ni wọn yóò kọ, wọn yóò fi àlàfo sílẹ̀ láàárín rẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó yan èyí tí ó bá a mu.

Ẹ wo bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti gbọ́ Haúsá. Ta ni ó to ọ̀rọ̀ fún wọn? Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wọn pé "fita" ni kí á jáde, àti pé "fitar da" ni kí á mú nǹkan jáde. Inú ọjà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nínú eré, nínú ìjà, títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí á ṣe Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́, gbólóhùn mẹ́ta lórí rẹ̀, kí gbólóhùn náà sì jẹ́ ti ohun tí ọmọ ń rí ní Sabon Gari.

Àwa àgbà pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwa. A ń pàṣẹ fún ọmọ nínú ilé pé "Off the light", bẹ́ẹ̀ ni "off" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe níbẹ̀. "Switch off" tàbí "turn off" ni. A ń sọ ní ìpàdé pé "We discussed about the levy", "about" náà kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Nínú lẹ́tà tí a ń kọ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìparí wa ni "I look forward to hear from you", dípò "hearing". Bí ọmọ bá kọ ìwọ̀nyí sínú ìdánwò, wọn yóò fa igi lé e, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì ti kọ́ ọ. (Ẹni tí ó ń kọ ìwé yìí náà jẹ̀bi ti "hear" yìí fún ọdún púpọ̀.)

Ọ̀rọ̀ tí ó ká wa lára jù lọ nìyí. Àwọn òbí kan láàárín wa ti ka Yorùbá léèwọ̀ fún àwọn ọmọ wọn nínú ilé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. A kò rí èrè rẹ̀. Yorùbá tí wọ́n ń lé jáde gan-an ni ó lè ṣí ọ̀nà fún ọmọ náà. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó ń là sí méjì. A ń sọ pé "wọ́n ba ìpàdé jẹ́", "mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́", "ó tan ọmọ náà jẹ". Bí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ arọ́pò, a ó ní "wọ́n bà á jẹ́", "mo gbà á gbọ́". Kò sí ọmọ Yorùbá kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí yóò fi arọ́pò náà sí ẹ̀yìn "gbọ́". Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì: "They put the meeting off." Bí ó bá di arọ́pò, "They put it off", kì í ṣe "put off it". Àárín ni ó ń jókòó, gẹ́gẹ́ bí ti "bà á jẹ́". Òfin tí àwọn ọmọ ń sunkún lé lórí ti wà lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá.

A kò sọ pé èdè méjèèjì rí bákan náà. Gẹ̀ẹ́sì gbà kí á sọ pé "put off the meeting" pẹ̀lú, Yorùbá kò sì gba irú rẹ̀. "Look after" kì í là rárá; "look after her" ni, kì í ṣe "look her after". Ìwé atúmọ̀ èdè rere tí a ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ń fi èyí hàn: bí "sth" bá dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó ń là, bí ó bá dúró sí ẹ̀yìn nìkan, kì í là. Ẹyọ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó fún ọmọ ogún.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kí ó rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn, lọ́wọ́ tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

A mọ ọ̀nà kejì tí àwọn kan ń tọ̀. Wọ́n ń pè é ní ojúkò àkànṣe, níbi tí wọ́n ti ń gba owó kí wọ́n lè ka ìdáhùn fún ọmọ. Ìyá kan nínú wa ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n dá èsì gbogbo ibẹ̀ dúró, ọmọ náà kò ní èsì, ìyá rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rọ mọ́. A kò dá a lẹ́bi. Ìfẹ́ ọmọ ni ó tì í. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ náà ìbá ti san owó tíṣà fún gbogbo ọmọ ẹ̀ka yìí fún oṣù púpọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún ni pé kí á ṣí gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn iléèwé. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì kò wọ́n láàárín wa. Kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé, kí àwọn ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, kí wọ́n sì máa ṣe ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó ti kọjá lọ́jọ́ Sátidé. A ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìbéèrè àtijọ́ ní ilé, ìbáà jẹ́ ti WAEC tàbí ti NECO, bí eku tilẹ̀ ti jẹ etí rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un dání.