Ẹ Má Dá Olóòótọ́ Nìkan Dá A

Ní ọdún 1995, Túndé Kèlání sọ Kòṣeégbé, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, di fíìmù. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan fẹ́ fòpin sí rìbá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń dìtẹ̀ mọ́ ọn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ẹ̀yin òbí, a máa ń kọ́ ọmọ pé kí ó má jalè; a kì í sọ ohun tí òótọ́ yóò ná an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà, kí wọ́n sì wo fíìmù rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ti dépò, bí ọmọ Ọ̀wọ̀ kan bá kọ rìbá lábẹ́ yín, ẹ dúró tì í.