Àjàṣẹ́ Kì í Ṣe Ilẹ̀ Àjèjì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì ṣe ti sàká. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ni, tó múlé tì wá, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ tó bí a ti mọ Mẹ́kà àti Káírò. Ilẹ̀ náà ni Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì. Ọdún 1960 ló gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ọdún 1975 ni Kérékou sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Bìní ti Ẹdó ni o. Orúkọ apá òkun tó wà níwájú wọn ni wọ́n mú.

Ilẹ̀ tó gùn tí kò fẹ̀ ni. Etí òkun rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 121 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ó na tààrà dé Odò Ọya ní òkè. Àwọn Fọ̀n, Ègùn, Bààríbá, Dẹ́ńdì àti àwa Yorùbá ló ń gbé inú rẹ̀. Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì tóbi jù, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú gẹ́gẹ́ bí òfin, ibẹ̀ sì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà. (Kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo ti Kwara.) Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu.

Ẹ̀yin ará Ìwòpin àti Mákùn-Omi, ẹ wo omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹni tó bá wọkọ̀ lórí rẹ̀, tó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, yóò kọjá Ẹ̀pẹ́, yóò dé Èkó, yóò gba Àgbádárìgì, ọ̀sà náà yóò sì gbé e dé Àjàṣẹ́ láìfojú kan òkun.

Ohun tó mú mi sọ èyí ni ìpàdé kan tí mo bá wọn jókòó sí ní ẹkùn Ìjẹ̀bú-Igbó yìí. N kò ní dárúkọ mọ́ṣáláṣí náà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ran lèmọ́mù lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó há Kùránì sórí, tó mọ fíkíhì, tí ìwà rẹ̀ sì tutù. Alàgbà kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ Kútọnu ni. Ẹ jẹ́ ká wá ọmọ onílẹ̀.” Gbogbo ilé dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni ọmọ náà. Yorùbá ni ìyá àti bàbá tó bí i ń sọ.

Ta ló pa ààlà yìí? Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni, ní ọdún 1889. Wọ́n fa ìlà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ti Kétu láti ìbẹ̀rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa títí di òní. Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ̀bẹ̀ àti Ìtàkété wà ní ọ̀hún pẹ̀lú. Ṣé ìlà tí aláìgbàgbọ́ méjì fà ló yẹ kó máa yan lèmọ́mù fún wa?

Àwọn ọ̀dọ́ kan tún gbé àwòrán mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tọ̀ mí wá, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Lóòótọ́ ni ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Potogí ní Bàhíà. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl ló padà wá. Ní Bàhíà, ní oṣù January 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. “Malê” ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ìyẹn ìmàle. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó padà ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lókò ẹrú bọ̀ wálé. Ọwọ́ tí ọ̀gá fi kọ́ ilé fún ara rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé Ọlọ́hun. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ará Bràsíl ló kọ́ ọ, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìrun ibẹ̀ bàjẹ́.

N kò sọ pé ilẹ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ọ́fíìsì, sẹ́fà ni wọ́n ń ná, oṣù January sì ni wọ́n ń ṣe ìsinmi fún àwọn oníṣẹ̀ṣe wọn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2013, nínú 100 ènìyàn, bíi 28 ni Mùsùlùmí. Nígbà tí ìjọba wa ti ẹnu ibodè ní August 2019, tí kò ṣí i títí di December 2020, àwọn ìyá oníṣòwò ní ìhà méjèèjì mọ bó ti dùn wọ́n sí.

Ẹni tó bá ka Súrátù Hujúrátì mọ ìdí tí Ọlọ́hun fi dá wa ní ìran-ìran. Nítorí náà, mo bẹ àwọn áfáà ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè: kí a fi jógíráfì díẹ̀ kún ẹ̀kọ́ ilé kéwú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú ṣọ́ọ̀kì, kó ya omi láti Ìwòpin dé Àjàṣẹ́ sára pátákó. Ní ti mọ́ṣáláṣí yẹn, àyè náà ṣì ṣófo, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ṣì ń kírun pẹ̀lú wọn ní ọwọ́ ẹ̀yìn. Ẹ lè pè é wá síwájú ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.