Omi Tí Òjò Kì Í San Padà

Ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọdé tí ó ń pọn omi nínú kànga mọ ìgbà tí okùn ń gùn àti ìgbà tí ó ń kúrú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú ní oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà, omi a sá lọ sí ìsàlẹ̀, ìyá ilé a sì so okùn mọ́ okùn kí korobá tó lè kan omi. Ṣùgbọ́n kí ọdún Agẹmọ tó dé, òjò ti rọ̀ dáadáa, kànga náà sì ti kún padà. Ohun tí wọ́n fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ti san án. Nítorí náà ni kì í fi í sí ẹni tí ń ka iye korobá tí ó fà lójúmọ́. Omi kànga dàbí owó oṣù. Bí ó tilẹ̀ tán lónìí, òmíràn ń bọ̀.

Omi kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aṣálẹ̀ Sàhárà tí ó gbẹ táútáú lónìí kì í ṣe aṣálẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, koríko tútù ni ó bo púpọ̀ nínú rẹ̀, adágún omi wà níbẹ̀, àwọn darandaran sì ń da màlúù kiri lórí rẹ̀. Àwòrán màlúù àti àgùnfọn tí àwọn ènìyàn ìgbà náà yà sára àpáta ṣì wà ní Tassili n'Ajjer ní ilẹ̀ Àlìjíríà títí di òní olónìí. Òjò ìgbà náà, àti ti àwọn ìgbà tí ó ti pẹ́ jù ú lọ, rin wọ inú òkúta iyanrìn, ó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò dáwọ́ dúró. Omi tí ó kù nísàlẹ̀ kì í ṣe owó oṣù mọ́. Ogún ni, ẹni tí ó kó o jọ sì ti kú.

Orílẹ̀-èdè tí ó nawọ́ sí ogún yìí lọ́nà tí ó ya ayé lẹ́nu jùlọ ni Líbíà. Láàárín àwọn ọdún 1950, àwọn tí ń wá epo rọ̀bì ní gúúsù ilẹ̀ náà gbẹ́lẹ̀, wọ́n sì bá omi. Bẹ́ẹ̀ ni ní etí òkun, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé, nǹkan kò fara rọ. Àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú ní agbègbè Tripoli ti fa omi kànga wọn ní àfàjù, omi òkun sì ti yọ́ wọ inú ilẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tí kànga fi di oníyọ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba Muammar Gaddafi fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní Odò Ńlá Àfọwọ́ṣe. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ó ju 1,000 lọ sínú aṣálẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jìn ju mítà 500. Wọ́n ri páìpù kọnkéré mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Inú èyí tí ó tóbi jù fẹ̀ tó mítà 4, bí ọkùnrin kan bá sì gun èkejì léjìká nínú rẹ̀, orí ẹni òkè kò ní kan àjà. Omi dé Benghazi ní ọdún 1991, ó dé Tripoli ní 1996. Ẹni tí ó bá mọ iyì omi yóò kan sáárá sí wọn.

Àwọn kan wà tí ń sọ pé olè ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni òde òní ń jí omi ọmọ tí a kò tí ì bí mu. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Ta ni yóò wo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké fún omi, tí yóò sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kan ìkòkò tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Omi la bù wẹ̀, omi la bù mu. Omi tí ènìyàn ń mu kò sì pọ̀; oko ni ó ń gbé omi mì. Nígbà tí Líbíà ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀, oko ni wọ́n ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà sọ́tọ̀ fún. Saudi Arabia tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń san owó gọbọi fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n lè fi omi àtijọ́ gbin àlìkámà sínú iyanrìn gbígbóná, títí wọ́n fi ń kó o tà fún ilẹ̀ òkèèrè. Omi ni wọ́n ń tà, orúkọ àlìkámà ni wọ́n fi ń pè é. Ní ọdún 2008, nígbà tí wọ́n rí bí omi ti ń tán lọ, wọ́n pinnu láti máa dín in kù títí yóò fi dópin ní 2016. Níbẹ̀ ni ẹ̀bi wà, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí ó mu.

Ogún sì máa ń ní ju ẹyọ ajogún kan lọ. Omi tí ó wà lábẹ́ ìlà-oòrùn Líbíà, Íjíbítì, Chad àti Sùdáànì ni wọ́n jọ ni ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó di ọdún 2013 kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí bí wọn yóò ti máa bójú tó o.

Nàìjíríà pàápàá ní irú omi yìí. Lábẹ́ ilẹ̀ Borno, lọ́nà adágún Chad, omi wà ní ìpele mẹ́ta, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé èyí tí ó jìn nínú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ dé ìpele àárín, omi ń tú jáde fúnra rẹ̀ láìsí ohun tí ń fà á, nítorí pé amọ̀ líle tí ó bò ó ti há a mọ́lẹ̀. Inú àwọn darandaran dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kànga náà ni kò ní ohun tí a lè fi pa omi. Tọ̀sán-tòru ni ó ń ṣàn sórí iyanrìn, tí oòrùn ń lá a. Ẹnu ẹ̀rọ lásán kì bá tí ná wọn lówó púpọ̀! Agbára tí ń ti omi náà jáde rẹ̀wẹ̀sì lọ́dọọdún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá ka èyí lè máa dúpẹ́ pé òun kò gbé ní aṣálẹ̀. Ó yẹ kí ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ó rántí Tripoli. Ní Àgọ́-Ìwòyè, òkúta líle ni ó wà nísàlẹ̀, bí wọ́n bá sì fa omi jù, kànga a tètè sọ fún ẹni tí ó ni ín. Ní Ogun Waterside, ní Abigi àti Ìwopin lọ́nà ọ̀sà, iyanrìn ni ilẹ̀, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ̀rù. Omi aládùn ni ó ń ti omi iyọ̀ sẹ́yìn nínú iyanrìn tí ó wà nítòsí òkun. Bí àwọn kànga ẹ̀rọ bá fà á ju bí òjò ti ń san án, omi iyọ̀ a wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì ń gbà kí ó tó jáde. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní apá kan ìlú Èkó. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá lówó a gbẹ́ tirẹ̀ sí àgbàlá, aládùúgbò rẹ̀ a gbẹ́ tirẹ̀, kì í sì í wọ́pọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí kànga ti jìn tó, àti ibi tí omi lọ sílẹ̀ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa béèrè èyí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń gbẹ́ kànga. Kí wọ́n tó béèrè, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kànga lè bẹ̀rẹ̀. Okùn kan tí a so òkúta mọ́ nídìí, tí a sì fi àmì mítà sí lára, ti tó fún iṣẹ́ náà. Kí àwọn ọmọ kíláàsì kan máa wọn omi náà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì fi ìwé náà lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jáde.